Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Lẹ Àmì Mọ́

Wọ́n lẹ àmì mọ́ ojúgun Ìbíyẹmí ní gbọ̀ngán ìsàlẹ̀ ilé gíga tó ń gbé ní Òkè-Ọ̀sà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ká ìró rẹ̀ sókè kí wọ́n lè ráyè lẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ká a sókè díẹ̀ sí i, Màmá," ni Gáníyù wí. Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì Àmì ni, ọmọ ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. "Àmì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹni tó ń wẹ ọmọ yóò ti máa rí i."

"Èmi ni mò ń wẹ ọmọ."

"Mo mọ̀, Màmá. Òfin ló ní kí n sọ ọ́."

Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń gbé ìbéèrè jáde. Ẹ̀rọ yẹn kì í bá ohun èlò sọ̀rọ̀, ẹni tó ni ohun èlò ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé ẹnì kan náà ni méjèèjì, ó dákẹ́, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Gáníyù ló wá ń ka ìbéèrè náà fúnra rẹ̀.

"Ta ló ṣe é?"

"Ta ló ṣe kí ni?"

"Ohun tí ọmọ máa ń wà lórí rẹ̀, Màmá."

"Bàbá mi àti ìyá mi."

Àwọn obìnrin tó jókòó sórí àtẹ̀gùn bú sẹ́rìn-ín. Gáníyù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Níbo ni wọ́n ti ṣe é?"

"Ẹ̀pẹ́. Kí omi tó gbà á."

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Ìyá Rísì ló dáhùn láti orí àtẹ̀gùn. "Ẹran àti egungun. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹran ti dín, egungun ló ṣẹ́ kù."

"Ìyá Rísì, ẹnu rẹ yìí ni ò jẹ́ kí o sanra."

"Èmi ò kúkú ní í sanra fún wọn kí wọ́n má baà lẹ nǹkan mọ́ mi."

Gáníyù ń kọ ọ́ lọ. Ó bèèrè ìwúwo ọmọ tí ẹsẹ̀ náà lè gbé. Ìbíyẹmí ní òun kò gbé ọmọ kan rí kó já bọ́. Gáníyù ní ìwúwo ni wọ́n ń bèèrè. Ìbíyẹmí ní kó kọ èyí tó bá wù ú. Lẹ́yìn náà ni Gáníyù wá wo ẹ̀rọ náà títí, tó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìgbà wo ni kò ní í wúlò mọ́?"

"Ìwọ ńkọ́?" ni Ìbíyẹmí wí. "Ìgbà wo ni ìwọ ò ní í wúlò mọ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀rọ yìí kò ní í jẹ́ kí n kọjá ibẹ̀ bí mi ò bá fi ìgbà kan sí i."

"Kọ ọ́ pé tí mo bá kú."

Ó kọ ọ́. Ẹ̀rọ náà kọ̀, ó ní ọjọ́ ni òun fẹ́. Gáníyù wá fi ìparí ọdún tó ń bọ̀ sí i, ó ní òun á padà wá tún un ṣe nígbà náà. Ó bó àmì náà kúrò lára ike. Kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojúgun ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí ká. Àmì náà kọ́kọ́ tutù, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wá sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni, obìnrin tí kò tíì bímọ.

"Má fi ọmọ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ lè tó ọmọ nígbà gbogbo. Ohun èlò yìí kì í ṣe olùtọ́jú. Kò lè dáàbò bo ọmọ."

Ìbíyẹmí tẹ orí wálẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Kí ló sọ yẹn?"

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn, Màmá," ni Gáníyù wí. Ó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún báfù, fún àga ìwẹ̀, fún gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀rọ omi ló fa gbogbo èyí. Kó tó di pé Àbíkẹ́, ọmọ Ìbíyẹmí, bímọ, ilé àtijọ́ ni àwọn méjèèjì ń gbé, nísàlẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè gbé ìkòkò ka iná kó sì fi omi gbígbóná rẹ̀ wẹ ọmọ ẹni tó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé náà, orí ẹsẹ̀ Ìbíyẹmí ni wọ́n ti wẹ ìwẹ̀ àkọ́kọ́. Ó máa ń jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sí i, á fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, á na apá, á na itan, á fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀ kó lè rí róbótó, á sọ ọ́ sókè, á sì hán an. Nígbà tí Àbíkẹ́ bí Kóyèjọ, àwọn onílé gbé wọn lọ sókè, nítorí pé wọn kì í fi ìyá ọmọ sílẹ̀ níbi tí ọ̀sà ti lè wọlé. Ní òkè, ẹnikẹ́ni kì í gbé ìkòkò kaná nínú balùwẹ̀. Inú ògiri ni omi gbígbóná ti ń jáde, ògiri náà á sì kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó ti na ẹsẹ̀, ó ti tẹ́ Kóyèjọ sí i, ọmọ náà sì ti ń ké.

"Ẹ káàárọ̀," ni ẹ̀rọ omi wí. "Mo gbọ́ ohùn ọmọ. Kí ni ọmọ wà lórí rẹ̀?"

Gbogbo Òkè-Ọ̀sà ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ síbẹ̀: báfù. Wọ́n á gbé báfù tó ní àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, báfù náà á fúnra rẹ̀ dá ẹ̀rọ omi lóhùn, omi á dé, wọ́n á sì wẹ ọmọ wọn síbi tó wù wọ́n. Àbíkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́jú sí i. "Màámi, ẹ sọ pé báfù," ó ń fi ètè sọ ọ́ láìjẹ́ kí ohùn jáde.

Àmọ́ ìyá tó bí Ìbíyẹmí ti fi ohun kan kọ́ ọ, òun náà sì ti di í mú láti kékeré: ẹni tí ọmọ tuntun bá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í purọ́. Kì í ṣe nítorí òrìṣà kan, kì í ṣe nítorí ìjìyà kan. Ìyá rẹ̀ ní irọ́ máa ń mú kí itan gbọ̀n, ọmọ á sì mọ̀ ọ́n lára.

"Ẹsẹ̀ mi," ni Ìbíyẹmí wí.

"'Ẹsẹ̀ mi' kò ní àmì," ni ẹ̀rọ omi wí. "Omi kò ní í wá. Ọ́fíìsì Àmì yóò kàn sí yín."

Àbíkẹ́ fi ọwọ́ bo ojú. "Màámi, ẹ kàn sọ pé báfù ni."

"Kò sí báfù lórí ẹsẹ̀ mi."

Bí Gáníyù ṣe dé nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ka òfin náà fún wọn: ohunkóhun tó bá gbé ọmọ nígbà tí ọmọ bá ń wẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹsẹ̀ kò lè gba àmì. Inú àwọn obìnrin ilé náà dùn. Lójú tiwọn, ó ti yọ wọ́n lọ́wọ́ báfù ẹ̀tàn.

Lóòótọ́, omi ń wá. Bí Ìbíyẹmí bá ti na ẹsẹ̀, àmì náà á dá ẹ̀rọ omi lóhùn, omi á sì tú jáde bó ṣe yẹ kó gbóná tó. Àwọn ìyá ọmọ ń gbé ọmọ wọn gòkè wá ní gbangba. Ìyọnu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé òfin fẹ́ kí ènìyàn kan dúró ti ohun èlò, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ọmọ. Ohun èlò kì í ṣe ènìyàn. Nítorí náà, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí Ìbíyẹmí bá ń wẹ ọmọ, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró kó máa wò ó. Bí kì í bá ṣe Àbíkẹ́, Ìyá Rísì ni.

Àmì náà kì í ríran. Ó ń gbọ́ràn, ó sì máa ń mọ̀ bí omi tàbí ara ọmọ bá kan ẹsẹ̀. Bí Ìbíyẹmí bá gbé Kóyèjọ ní apá méjèèjì láti na ẹ̀yìn rẹ̀, á ní, "Ọmọ ti kúrò lórí ohun èlò." Bó bá sọ ọ́ sókè tó sì hán an, á máa ké, "Ọmọ ti já bọ́. Ọmọ ti já bọ́."

"Ẹsẹ̀ rẹ ń sunkún o, Ìyá Àbíkẹ́," ni Ìyá Rísì máa ń wí.

Bí òjò bá rọ̀ tí Ìbíyẹmí bá tẹ omi lójú ọ̀nà, àmì á sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó tò sí ìdí búrẹ́dì pẹ̀lú àwọn ènìyàn, ọmọ kan da omi sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kígbe pé, "Má fi ọmọ sílẹ̀." Gbogbo wọn yíjú padà wò ó. Bàbá kan ní, "Màmá, ọmọ wo lẹ fi sílẹ̀?" Nígbà tó délé, inú ti bí i.

"Màá fi ọ̀bẹ fá a kúrò," ló sọ fún Ìyá Rísì. "Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí, kì í ṣe ọmọ ló ń ṣọ́. Èmi ló ń bú."

Ìyá Rísì ń gba ọṣẹ tó kù kúrò lára kàn-ìn-kàn-ìn. Kò yíjú sí i.

"Jẹ́ kó máa bú ọ."

"Ìwọ náà?"

"Mo ní jẹ́ kó máa bú ọ. Rísì jókòó sínú àga ìwẹ̀. Àga dáradára ni, ó ní rọ́bà lábẹ́, ó dúró gbọin. Mo ní kí n lọ rẹ iná ọbẹ̀ sílẹ̀. Iná ọbẹ̀ lásán. Bí àga yẹn bá ní ẹnu, kó pè mí ní òmùgọ̀, kó pè mí ní ajá, mi ò bá ti sáré padà."

Ìbíyẹmí mọ ìtàn náà, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Rísì ti bá omi lọ láti ìgbà tí irun ìyá rẹ̀ ṣì dúdú, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ṣì ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ káàkiri. Ìbíyẹmí kò tún sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ mọ́.

Iṣẹ́ Àbíkẹ́ ni kó máa tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tó ń fa omi ọ̀sà padà kúrò lábẹ́ ìlú. Bí fèrè bá dún, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ, yálà ó ń jẹun ni o, yálà ó ń fún ọmọ lọ́yàn ni. Ní àárọ̀ kan, ọṣẹ ti bo Kóyèjọ láti orí dé ẹsẹ̀, Àbíkẹ́ dúró ti ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, fèrè sì dún.

"Màámi."

"Lọ."

"Mo fẹ́ pe Ìyá Rísì."

"Ó lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín. Lọ, kí omi má baà wọlé bá wa. Mo ti fẹ́ fọ ọṣẹ rẹ̀ kúrò."

Àbíkẹ́ sáré jáde. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí àmì fi sọ̀rọ̀.

"Ọmọ dá wà. Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ?"

"Èmi," ni Ìbíyẹmí wí.

"Mo ń gbọ́ ohùn láti ibi ohun èlò. Ohun èlò kì í ṣe olùtọ́jú. Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ?"

"Mo ní èmi. Ìyá ìyá rẹ̀."

"Ọmọ dá wà."

Ẹ̀rọ omi ti ara rẹ̀ pa. Ọṣẹ ti sún mọ́ ojú Kóyèjọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Omi díẹ̀ kù nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbíyẹmí fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú, ó bù ú síwájú orí rẹ̀, ó fi ìka tó mọ́ nu ojú rẹ̀ lọ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń nù ún láti ayébáyé, títí ojú náà fi là. Ó fi aṣọ nu ìyókù ọṣẹ náà kúrò. Ó ti ń fi òrí pa á nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, tí àwọn obìnrin méjì láti Ilé Ìtọ́jú Ọmọ sì wọlé pẹ̀lú aṣọ ìnura àti àpótí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí.

Wọ́n kí i. Wọ́n kúnlẹ̀ pàápàá. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní, "Ẹ má bínú, Màmá, àmì ní ọmọ dá wà."

"Ṣé ẹ rí i pé ó dá wà?"

"A ò rí i bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwa kọ́ la ń pinnu."

Wọ́n gbé Kóyèjọ lọ. Òrí ṣì wà lọ́wọ́ Ìbíyẹmí, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí Àbíkẹ́ fi padà dé, tí ẹrẹ̀ ọ̀sà bò ó dé orúnkún.

Gáníyù ni òfin yàn láti bi Ìbíyẹmí ní ìbéèrè, nítorí pé òun ló lẹ àmì náà. Ó wá sílé wọn ṣáájú ọjọ́ ìbéèrè náà, aṣọ ilé ló wọ̀, kò sì gbé ẹ̀rọ kankan dání. Ìbíyẹmí gbé àga fún un. Kò jókòó.

"Màmá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá bi yín. Màá ní, ta ló wà pẹ̀lú ọmọ? Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń lọ. Bí ẹ bá ní kò sí ẹnikẹ́ni, pé ohun èlò ni yín, a jẹ́ pé Àbíkẹ́ fi ọmọ sílẹ̀. Ilé Ìtọ́jú ló máa tọ́ Kóyèjọ dàgbà títí ọ̀rọ̀ yín á fi tẹ́ wọn lọ́rùn, ó sì lè pẹ́."

Àbíkẹ́ jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé orí lé ògiri. Ọmú rẹ̀ ti kún, aṣọ rẹ̀ ti tutù níwájú, kò sì bìkítà.

"Bí mo bá ní ènìyàn ni mí ńkọ́?"

"Ọmọ ò dá wà nìyẹn. Wọ́n á dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n a jẹ́ pé kò sí ohun èlò lábẹ́ ọmọ, àmì tó wà lẹ́sẹ̀ yín á di àmì irọ́. Wọ́n á bó o. Ẹni tó bá ti ru àmì irọ́ kì í wẹ ọmọ mọ́, Màmá. Ti ilé yín, ti ìta. Bí omi bá ti wà lára ọmọ, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ṣé ènìyàn ò lè jẹ́ méjèèjì ni?"

"Kò sáyè fún un nínú ẹ̀rọ."

"Ìwọ lo lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi."

"Èmi ni," ni Gáníyù wí. Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó ń retí kí wọ́n bú òun. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bú u, ó kí wọn, ó sì lọ.

Ìyá Rísì ti wà ní ìdí ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga tí Gáníyù kò jókòó sí.

"Ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

"O wà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín," ni Ìbíyẹmí wí.

"Mo ti dé. Mo dúró tì ọ́, ọwọ́ mi tó ọmọ. Àmì ò ríran, ṣé o rántí? Mi ò sọ̀rọ̀ ni kò fi gbọ́ mi."

"Ìwọ? Kí o wà nínú yàrá tí mo ti ń wẹ ọmọ, kí o má sọ̀rọ̀? Ta ló máa gbà á gbọ́?"

Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Rísì kò rẹ́rìn-ín.

"Eyín ń dùn mí. Ẹni tí eyín ń dùn kì í sọ̀rọ̀. Sọ fún wọn pé Ìyá Rísì wà níbẹ̀. Kóyèjọ á padà wálé, àmì rẹ á wà lẹ́sẹ̀ rẹ, wàá máa wẹ ọmọ rẹ lọ. Kò pa ẹnikẹ́ni lára."

"Bí wọ́n bá rídìí rẹ̀, ìwọ ni wọ́n máa mú."

"Kí wọ́n mú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọmọ kan tí mo dúró tì."

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí bẹ́ẹ̀. Ìbíyẹmí náà gbà á. Kò fẹ́ràn irọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, obìnrin méjì nínú ilé náà sì wà nínú oyún tí wọ́n ti ní òun ló máa wẹ ọmọ àwọn. Ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu ara rẹ̀ bó ṣe ń gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ ìbéèrè náà: Ìyá Rísì ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkurú ni, kò ṣòro.

Yàrá Ọ́fíìsì Àmì kò tóbi. Tábìlì kan wà níbẹ̀, Gáníyù nínú aṣọ funfun rẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà níwájú rẹ̀. Àbíkẹ́ jókòó sí apá ọ̀tún, Ìyá Rísì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé eyín ń dùn ún. Òfin ní ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin Ilé Ìtọ́jú gbé Kóyèjọ wọlé, ọmọ náà ń ké bí ẹni tó ti ń ké láti àná. Ara rẹ̀ ti gbẹ, wọn kò fi òrí pa á. Orí rẹ̀ ti ń tẹ́ lẹ́yìn níbi tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sí.

"Màmá, ẹ bá mi dì í mú," ni obìnrin náà wí. "Kò gbà fún wa."

Ìbíyẹmí gbà á láìronú. Àga tó jókòó lé kò ga. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú lábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ọmọ náà sí i, ó fi ọwọ́ gba orí rẹ̀ dúró. Kóyèjọ mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

"Má fi ọmọ sílẹ̀," ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wí lábẹ́ tábìlì.

Ìgbà yẹn ni Ìbíyẹmí tó mọ ohun tó ṣe, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sì wá sí i lọ́kàn.

Àbíkẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ó ti na ọwọ́ méjèèjì. "Màámi, ẹ gbé e wá fún mi. Ẹ jẹ́ kí n fún un lọ́yàn."

"Ṣé kí ẹnì kan bá yín gbà á ná, Màmá?" ni Gáníyù wí. Kò mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ó rí i pé ojú arúgbó náà yí padà ni. "A lè dúró."

Wọ́n lè dúró lóòótọ́. Kò ju kó gbé e sókè kó nà án sí Àbíkẹ́. Ìbíyẹmí wo ọmọ náà. Ọmọ náà ń wò ó, ojú méjèèjì là gbàgà, ojú tó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ ni itan Ìbíyẹmí ti ń fẹ́ ohun kan, ó sì ti dé.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀," ló wí.

Gáníyù tẹ ẹ̀rọ náà. "Ní àárọ̀ tí fèrè dún, nígbà tí ọmọ ń wẹ̀, ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀?"

Ìyá Rísì tún aṣọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe, ó ti fẹ́ dìde.

"Èmi ni," ni Ìbíyẹmí wí. "Kò sí ẹlòmíràn."

"Gẹ́gẹ́ bí kí ni, Màmá?"

"Gẹ́gẹ́ bí ìyá ìyá rẹ̀."

Gáníyù kò kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wò ó bóyá á yí ohùn padà. Kò yí i padà. Ó kọ ọ́, ẹ̀rọ náà sì gbà á láì bèèrè ohunkóhun mọ́. Ó dìde, ó wá kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fi èékánná wá etí àmì náà, ó sì bó o. Àmì náà ń pariwo bó ṣe ń bó o, pé kí wọ́n má ṣe yọ òun, títí ohùn rẹ̀ fi gé. Kóyèjọ kò ta pútú. Ó ti sùn.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni Ìyá Rísì bi í lójú ọ̀nà, ó ti tú aṣọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìbíyẹmí kò tíì rí i kó bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. "Mo ti di eyín sílẹ̀ dè ọ́."

"Ó wà lórí ẹsẹ̀ mi."

Ìyá Rísì pòṣé. Nígbà tó yá ó gba àpò tó wà lọ́wọ́ Ìbíyẹmí, ó bá a gbé e délé.

Báfù ló ń wẹ Kóyèjọ báyìí. Báfù tó mọ́ ni, omi inú rẹ̀ kì í gbóná jù, kì í tutù jù. Ìbíyẹmí lè dúró tì í, òfin gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ènìyàn ni. Bí wọ́n bá parí, báfù á ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ dúró," Àbíkẹ́ á sì nu ọmọ gbẹ. Kò sẹ́ni tó ń na apá rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ sókè. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ṣì tẹ́, ó sì jọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa wà.

Nígbà tí èkínní nínú àwọn aboyún ilé náà bímọ, ọkọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé ọmọ náà gòkè wá, ó gbé ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn tuntun dání, ó kí Ìbíyẹmí ní ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìbíyẹmí jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ibi tí wọ́n ti bó àmì náà ṣì funfun ju ìyókù lọ. Ó kí i kú ewu ọmọ. Ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọ abẹ́ ìró, ó sì ní kó gbé e lọ sínú báfù.

Kò tún sí ọmọ tó dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Kóyèjọ ló kẹ́yìn, ní ìdí tábìlì Gáníyù, gbígbẹ ni ara rẹ̀ sì wà.